Ohun Tí Bàbá Mi Fi Rúlà Wọ̀n

Ilé ẹ̀rọ náà kò ní òrùlé. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń wú, ó sì ń wọlẹ̀ bí ikùn ọmọ tó ń sùn, síbẹ̀ omi inú ife tó wà lórí tábìlì kò mì. Oòrùn ọ̀sán ràn síbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní òjìji. Bàbá mi dúró nídìí ẹ̀rọ, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń pààrọ̀ bébà.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti sin wọ́n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìmìtìtì ilẹ̀ nílùú wa kí n tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tú bébà àná kúrò lára àgbá tó ń yí, wọ́n we tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi òwú nu ẹnu kálàmù tó ń fa ìlà ìmìtìtì sórí bébà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí, inú ló ń bí mi.

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," mo ní. "Àwọn afọ́kúta ló pa yín. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí mo bá kà á fún ìlú nírọ̀lẹ́ yìí, Gbádébọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú yòókù á lọ dáná sun ilé iṣẹ́ wọn."

Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ni mo bá ń rojọ́. Ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn yẹn ò fi ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta mi fèrèsé wa láti ẹ̀yìn òkè? Nígbà tí ògiri yàrá wó pa Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, àpò ìrẹsì kan ni wọ́n gbé wá kí wa, wọ́n sì lẹ kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ wọn mọ́ ọn. Kàlẹ́ńdà, fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ojú ò tì wọ́n.

"Àwẹ̀ní, mú rúlà wá," ni Bàbá wí.

Mo mú un wá. Wọ́n tẹ́ bébà ọjọ́ ikú wọn sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kékeré, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn àpáta abẹ́ ilẹ̀ ń ti ara wọn, wọ́n há mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọ̀kan á fi yọ̀. Bó bá yọ̀, ìgbì méjì ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó yára ń ti ilẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń mì í sọ́tùn-ún sósì, òun ló sì máa ń lágbára jù. Bí ibi tí wọ́n ti gbéra bá ṣe jìnnà tó ni àkókò tó wà láàárín wọn ṣe ń gùn tó.

"Ìṣẹ́jú-àáyá márùndínlọ́gbọ̀n," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe fi rúlà wọn àárín ìgbì méjèèjì lórí bébà. "Kìlómítà mẹ́jọ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀."

"Mi ò ṣe."

"Àwẹ̀ní."

"Igba kìlómítà."

"Ọ̀dọ̀ àwọn afọ́kúta ńkọ́?"

"Kò ju kìlómítà méjì lọ."

Tó bá jẹ́ ẹ̀tù wọn ni, ìgbì méjèèjì ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pọ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo ti mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ká bébà náà, tí mo fi pamọ́ sábẹ́ àpótí aṣọ.

"Ẹ kú tán, ẹ ṣì ń bá mi wọn nǹkan," mo ní, mo ti ń pariwo. "Ta ni kí n wá bínú sí? Ilẹ̀?"

Wọ́n rọra ká bébà náà. "Ìmìtìtì náà ti rọlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abọ́ kan ò já bọ́ nílé ẹnikẹ́ni. Ògiri mélòó ló wó nílùú?"

Kò sí ìbínú kankan lójú wọn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ògiri kan ṣoṣo ni. Ògiri amọ̀ ilé wa ni, tó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí Bàbá ní ká wó. Èmi ni mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀, torí Ọdún Àjíǹde ti sún mọ́lé, mi ò sì fẹ́ kí àlejò rí i. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn.

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Mo jí, orí tábìlì ni mo sùn lé, ìwé tí mo ń kọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Inú ṣì ń bí mi, kò rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè kó o lé lórí mọ́. Mo fa ìwé náà ya. Mo lọ mú bébà jáde lábẹ́ àpótí, mo sì ṣílẹ̀kùn. Gbádébọ̀ ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti péjọ. Ṣé ẹ ti rí òkodoro ọ̀rọ̀ náà?"

"Mo ti rí i."

"Àwọn ni, àbí?"

"Rárá. Gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀, Gbádébọ̀. Èmi ni."