Ìlà Tó Gún Jù

Ogun ló sọ màmá mi di nọ́ọ̀sì. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọbìnrin mìíràn sí ilé ìwé kan tí wọ́n ti sọ di ilé ìwòsàn, tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ wọn ní ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fi ọdún mẹ́ta kọ́. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n. Kì í gbọ̀n tó bá ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ o, ẹ má bẹ̀rù. Ìgbà tó bá fẹ́ kọ̀wé ni bíró á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ogun ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó ṣe ń darí wọ́ọ̀dù rẹ̀ nílé ìwòsàn ló ń darí ilé. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀, a ti gbọ́dọ̀ tẹ́ ibùsùn wa, ká sì na ọwọ́ kó lè yẹ èékánná wa wò. Bàbá mi nìkan ló láyà láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ọ̀gá sójà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mí?" Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, mi ò ní purọ́.

Télọ̀ ni bàbá mi, èmi náà sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìṣó kan ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ó tẹ ìṣó náà mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọlé sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ maṣíìnì gan-an. Ọgọ́ta aṣọ ọmọ iléèwé ló wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ rán tán kí wọ́n tó wọlé. Ló bá fi bàtà bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fi ọjọ́ márùn-ún gbáko rẹ́rìn-ín sí ìyàwó tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún mi, irú orí kunkun wo nìyẹn? Nígbà tó fi ṣubú lulẹ̀ níwájú mi, ẹsẹ̀ náà ti wú kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Wọ́ọ̀dù tí màmá ti jẹ́ ọ̀gá ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí màmá lè bí lọ́mọ, wò ó, ó sì mi orí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gé e báyìí. Tó bá fi dé orúnkún, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Dókítà, ẹsẹ̀ tí mo bá wọn dì mú nígbà ogun lé ní ogójì. Ìdajì wọn, ìkánjú ló gé e. Ọkọ mi télọ̀ ni, ẹsẹ̀ ló fi ń jẹun. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Tí ò bá wá gbọ́ oògùn ńkọ́?"

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tí ooru ẹsẹ̀ náà parí sí, ó yọ bíró bulúù, ó sì fa ìlà yí ojúgun bàbá mi ká. "Tí wíwú yìí bá kọjá ìlà, ẹ gé e. Mi ò ní bẹ̀ yín." Ó wá yíjú sí bàbá, ó sì ṣèlérí fún un pé òun á gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú ogun nìyẹn, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi yẹ ara wò. Ni màmá bá dira. Ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, á fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà, á fún un lábẹ́rẹ́, á tún dì í. Kò torí ìyẹn pa aláìsàn kankan tì. Lọ́sàn-án, á sáré délé fún wákàtí kan láti se oúnjẹ fún àwọn àbúrò mi.

Ìgbà tó lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni bàbá pè mí. "Bá mi wá bíró bulúù. Mo fẹ́ kọ ìwọ̀n ṣòkòtò oníbàárà kan kí n tó gbàgbé." Mo fún un ní tèmi. Mi ò tiẹ̀ bi í pé ṣòkòtò ta ni.

Lọ́jọ́ kejì, wíwú náà kò kọjá ìlà. Dókítà họrí. Inú màmá dùn débi pé ó ń kọrin láàárín wọ́ọ̀dù. Àmọ́ ibà ń gbọn bàbá jìgìjìgì, ó sì pè mí ní ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá, ó ní, "Ibà lásán ni. Ìlà ò yẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ náà, ó sì dúró lójijì. Ó fi ìka tọ ìlà yẹn yí ká.

"Ta ló fa èyí?"

Ó sún mọ́ ọn, ó sì wò ó fínnífínní.

"Ìlà tèmi a máa wọ́. Èyí gún bíi ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀." Ó wo ojú bàbá. "Télọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sún un sókè?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta," ni bàbá wí. Ìgbà tí màmá ò bá sí nítòsí ló ń fi sípíríìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nu ìlà àtijọ́ kúrò, tó ń fa òmíràn sókè. "Mo rò pé wíwú náà máa lọ sílẹ̀ tó bá di ọ̀la. Tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ yín?"

Mo rántí bíró tí mo fún un. Màmá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan ibi tí ooru náà dé. Ó ku ìka mẹ́rin péré kó dé orúnkún.

"Ìlà ni mo ń wò," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mi ò wo ọkọ mi. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá." Ló bá sáré. Mi ò rí i kó sáré ní wọ́ọ̀dù rí. "Dókítà, mo ṣàṣìṣe! Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín!"

"O ṣèlérí fún mi!" ni bàbá ń pariwo.

"Mo ṣèlérí pé màá gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ yín là," ni màmá fi dá a lóhùn. "Mi ò ṣèlérí pé màá sin yín."

Dókítà ní kó dúró síta, pé ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní, "Torí pé ọkọ mi ni," ó sì wọlé. Òun ló di ẹsẹ̀ náà mú títí wọ́n fi gé e nísàlẹ̀ orúnkún gẹ́lẹ́.

Nígbà tí bàbá jí, ó kọjú sí ògiri. Láràárọ̀ ni màmá ń tún ojú ọgbẹ́ náà ṣe, tó ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi." Kò dáhùn. Mo bẹ bàbá títí, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá di adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo ní kí màmá jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn máa ṣe é, ó sì jágbe mọ́ mi. "Inú ló ń bí i. Òkú kì í bínú. Gbé abọ́ yẹn fún mi."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, bó ṣe da omi sí i, bàbá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Omi yìí ti gbóná jù," ó ní. "Àbí o fẹ́ sè mí ni?"

Màmá bẹ̀ ẹ́, ó bu omi tútù là á, ó fọ ọgbẹ́ náà, ó sì dì í dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún débi pé dókítà sáré wá bi mí pé ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà," ni mo wí. "Ọkọ rẹ̀ ló bá a wí."