Àwọ̀ Iná Tí Munirat Ṣe

Réwáyà ni Munirat. Iná mọ́tò ló ń tún ṣe ní Ìfàkò, kò sì sí awakọ̀ àdúgbò náà tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Abdulwasiu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sáré wọ ìdí tírélà kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ewé tútù nìkan ni awakọ̀ tírélà náà já sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òjò sì ti gbá ewé náà lọ. Láti ọjọ́ náà ni Abdulwasiu ti ń tiro.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Munirat. Ó ra iná kéékèèké àti bátìrì ní Computer Village, ó tò wọ́n sínú ike gbọọrọ kan. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, téèyàn gbé e kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, á máa ṣẹ́jú pupa àti búlúù, wọn á sì rí i láti òkèèrè. Mẹ́tàlá ló kọ́kọ́ tà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Láolú, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù fún iléeṣẹ́ onínáílọ́ọ̀nù kan ní Ògbà, pè é lórí fóònù.

"Àǹtí Munirat, àwọn VIO ti gba ọkọ̀ mi o. Wọ́n ní nítorí iná tí ẹ ṣe fún mi ni."

Munirat ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọgbà tí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń kó ọkọ̀ sí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àjíṣọlá ni ọ̀gá ibẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà. Kí jàǹbá lè dín kù ni mo ṣe ṣe é."

"Mo gbọ́. Àmọ́ pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú, ti ọlọ́pàá àti ti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ni. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń tàn án, ta ni wọn á máa yà fún?"

Munirat fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ìwé ìjọba ni, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí àrà rẹ̀ dá. Lọ́yà ló bá a gbà á, ó sì ti rò pé ọ̀rọ̀ òfin ti parí síbẹ̀. Ìyáàfin Àjíṣọlá kà á tán, ó dá a padà fún un.

"Èyí sọ pé ìwọ lo ni ín. Kò sọ pé o lè gbé e sójú títì. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Lọ gba gbogbo èyí tó o tà padà, kọ orúkọ àwọn tó rà á wá fún mi. Lẹ́yìn náà, ṣe òmíràn tó ní àwọ̀ ọsàn, ká yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n tú iná náà fún Munirat, wọ́n sì jẹ́ kí Láolú gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Munirat ti gba méjìlá padà, ó sì ṣèlérí pé òun á fún àwọn tó ni wọ́n ní tuntun. Ẹnì kan ló kù, Ọ̀gbẹ́ni Sànyà, oníṣòwò tó ń gbé ní GRA Ìkẹjà. Wọ́n gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn gbé omi tútù wá fún un. Ibi tó ti ń mumi ló ti rí jíìpù wọn. Iwájú ni iná náà wà.

"Ẹ̀yìn ni mo ṣe é fún, sà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Sànyà rẹ́rìn-ín. "Iwájú ló ti wúlò, ọmọ mi. Bí mo bá ti tàn án, gbogbo wọn á yà. Ṣe ogún míì wá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń béèrè."

Munirat gbé ife kalẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà ló ń rò ní gbogbo ìgbà tó ń jó àwọn wáyà náà pọ̀. Kò ro ti ẹni tó ń sáré. Ó wá yé e ìdí tí àwọn kan nínú àwọn méjìlá fi lejú nígbà tó ń gba tiwọn.

"Ẹ má bínú, sà, mi ò lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyẹn náà padà."

"Ohun tí mo fowó mi rà? Rárá o. Máa lọ, ó dàárọ̀."

Nígbà tó délé, ó ro ẹjọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀," ni Abdulwasiu wí.

"Bùrọ̀dá, wọ́n mọ èèyàn ńláńlá."

"Bó o bá yọ ọ́, ìwọ àti òun lẹ jọ ń tàn án nìyẹn."

Munirat kọ ọ́, ó fi ṣe ìkẹtàlá, ó sì mú ìwé náà lọ fún Ìyáàfin Àjíṣọlá kó tó yí ọkàn padà.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Sànyà pè é. Àwọn VIO ti dá wọn dúró ní oríta kan ní Ìkẹjà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì tú iná náà lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Sànyà ní aláìmoore ni Munirat, wọ́n ní kò ní rí oníbàárà gidi kan mọ́ ní Ìkẹjà. Munirat gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbé iná aláwọ̀ ọsàn náà lọ kí wọ́n tó gbà á. Lákọ̀ọ́kọ́, omi wọ ibi bátìrì. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìyáàfin Àjíṣọlá ní kó ṣe é kó máa kú fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á, àmọ́ ó ní kó kọ ọ́ sára ike pé kò dípò C-caution, onígun-mẹ́ta pupa tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní.

Láolú ló kọ́kọ́ gba tuntun. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní àwọ̀ yìí kò rẹwà tó ti tẹ́lẹ̀. Munirat ní òótọ́ ni, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ hàn án.