Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Mú Wá Tọrọ Ìyàwó

Ọbẹ̀ ni Àbẹ̀ní ń retí; ọ̀bẹ ló jáde nínú aṣọ ìnura.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán ní pálọ̀ Akíndèjì, ọkọ Àbẹ̀ní, ní Salford nílùú Òyìnbó, nígbà tí Papa Nekuma, bàbá ọkọ ìyàwó, tú ìdì tó wà lórí itan rẹ̀. Irin ọ̀bẹ náà tẹ̀ bí dòjé. Eyín erin ni èkù rẹ̀, dídì tí wọ́n ti ń dì í mú láti ọdún pípẹ́ sì ti mú kó máa dán. Ọlọ́run ló yọ bàbá náà tí ọlọ́pàá kankan ò bi í léèrè nínú bọ́ọ̀sì láti Harpurhey.

Ẹ̀bi Jayden ọmọ rẹ̀ ni. Yorùbá tí Hephzibah, ọmọ Akíndèjì tí wọ́n wá tọrọ, kọ́ ọ ló fi ń ṣe fọ́ńté fún Akíndèjì lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Daddy, bàbá mi máa mú ọbẹ̀ wá o. It's a family thing." Inú Akíndèjì dùn. Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ya ojú gáàsì kan sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ náà.

"Jésù!" Àbẹ̀ní fi igbe ta.

Akíndèjì dìde, inú ń bí i burúkú. Ẹni tó fẹ́ bá ẹni tan kì í kọ́kọ́ yọ irin síni.

"Jayden, sọ fún dádì ẹ pé kò sí ìyàwó fún ẹni tó bá yọ ọ̀bẹ sí mi nínú ilé mi."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, it's not even sharp! He just holds it."

Akíndèjì ò dúró gbọ́. Ó gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà náà, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ ní kíṣìnnì.

Nígbà tó padà dé, wọ́n ní kí Papa Nekuma sọ ohun tó bá wá. Bàbá náà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí orúnkún, òfìfo. Ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọmọ rẹ̀.

"He can't do it without it," ni Jayden wí. "Mangbetu ni ẹ̀yà wọn, Daddy. Àgbà ló máa ń dì í mú. His dad held it when he went to ask for my gran. It's never cut anything."

 Hephzibah ń wo bàbá rẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀.

Akíndèjì ò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan fìlà orí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣí i lórí òun níbí, lójú àna, ẹnu wo lòun á fi sọ̀rọ̀ ọmọ òun? Ojú tì í, ó tì í gan-an.

Ó padà sí kíṣìnnì. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí ò tilẹ̀ lè gé bọ́tà.

"Bàbá Hephzibah, ẹ jókòó, kí Jayden gbé e," ni Àbẹ̀ní wí nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ló sọ. Ará ilé ọkọ ló ń dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá ìyàwó kì í tẹ̀ríba fẹ́nì kan.

Akíndèjì tẹ̀ríba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ náà fún ẹni tó ni ín. "Ẹ má bínú, sà."

Papa Nekuma di èkù náà mú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀. Jayden fẹ́ túmọ̀, Akíndèjì juwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, orúkọ Hephzibah ọmọ rẹ̀ nìkan ló yé e. Bàbá náà ń pè é léraléra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pe olóyè. Akíndèjì wo ọmọ rẹ̀. Òun tó sọ ọ́ lórúkọ ò tíì pè é báyìí rí.