Ìgò Kékeré Tí Ambrose Pè Ní Oògùn

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Ambrose fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọ̀sẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní oògùn ló ń wo èèyàn sàn. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìfọ́n ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Bí pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó bá dé tuntun, òun ni wọ́n ń ní kó dán an wò. Á pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, á fi í fín oko fún ọjọ́ mẹ́ta ní Òkèlúsè tàbí ní Arímọ̀gíja, á wá jókòó kọ ìròyìn rẹ̀: ibi tó ti ń jò, ibi tó ti ń dí, bó ṣe ń dun ẹ̀yìn sí. Kò sì ní kúrò lóko náà láì kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ oògùn ewé tí ẹ ń fín sóko sínú ìgò mìnírà o! Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi."

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àbí? Ambrose fúnra rẹ̀ ní èéfín tirẹ̀. Sìgá ni. Arímọ̀gíja ló ti kọ́ ọ lọ́dún tó kọ́kọ́ gbaṣẹ́, nítorí òórùn oògùn kòkó kì í jẹ́ kó lè jẹun. Ó ní òun á fi sìgá pa òórùn náà. Ó pa á lóòótọ́. Ó pa òórùn ọbẹ̀ mọ́ ọn, ó pa òórùn òjò mọ́ ọn, títí imú ọkùnrin yìí fi di ohun tó kàn wà lójú rẹ̀ lásán.

Veronica, ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá a jà lórí sìgá títí ó fi sú u. Kò sí àyípadà àfìgbà tí Moyinolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá bí ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wojú Olúwa. Tiwalọlá ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn torí kò lè mí dáadáa. Lọ́jọ́ tí Moyin gbé e wá sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ kí ìyá rẹ̀ lè bá a tọ́jú rẹ̀, Ambrose ti na ọwọ́ méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà. Veronica bọ́ sáàárín wọn.

"Bàbá Moyin, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ń rùn sìgá ò ní gbé ọmọ yìí."

"Èmi? Ọmọ ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Dókítà wí i, èmi náà wí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí n máa gbóòórùn ẹ̀wù yín, kí n má gbọ́ sìgá níbẹ̀. Tó bá pé, èmi fúnra mi ni màá ní kẹ́ ẹ lọ fọwọ́ kẹ́ ẹ wá gbé e."

Ó wo Moyin bóyá á gbèjà òun. Moyin wolẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dun Ambrose dé egungun. Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kó dùn ún jù ni pé ó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ọ̀dọ̀ Salahudeen lọ, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe láàárín ìlú. Salahudeen mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ.

"Bàbá, fépù nìyí, ẹ̀rọ tí àwọn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ń fà dípò rẹ̀. Ike orí rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀dù, ibẹ̀ lomi tó ń di èéfín rẹ̀ ń gbé. Tó bá tán, ẹ ò ní sọ ọ́ nù, ẹ máa rọ òmíràn sí i láti inú ìgò olóòórùn máńgòrò yìí ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá rọ ọ́ tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òwú wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òwú mu tirẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó mu tiyín."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ̀? Ẹni tí kò mu sìgá láti àná! Salahudeen kẹ̀yìn sí i báyìí, Ambrose gbé e sẹ́nu, ó fà á tagbáratagbára bí ẹni ń fa sìgá. Háà! Ó dà bí ẹni jẹ àkísà tó jóná. Ikọ́ gbé e nílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo wí i àbí n ò wí i?" Salahudeen ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti jó òwú yẹn. Pọ́ọ̀dù mìíràn ló kù o. Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò bá aláìnísùúrù rẹ́."

Ìyẹn ló jẹ́ kí ara Ambrose balẹ̀. Pọ́ǹpù tuntun náà kúkú ni, ó sì mọ bí wọ́n ti ń dán pọ́ǹpù wò. Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé kan, ó fa ìlà sí i, ó ń kọ ìròyìn bíi ti Ìfọ́n. Ó kọ ọ́ pé bí òun bá dà á dùbúlẹ̀ nínú àpò, ó ń jò, pé ìdúró ló fẹ́. Ó kọ ọ́ pé kò fẹ́ agbára, pẹ̀lẹ́ ni kéèyàn máa fà á bí ẹni ń mu tíì gbígbóná. Ṣáàjì kan ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́, àfi lọ́jọ́ tí òun bá ń bínú. Kò ní eérú. Kò rùn bíi sìgá. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà ló kọ ọ́ sí pé, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ohun tó so mí mọ́ sìgá ṣì wà nínú omi rẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi ọsàn, ló ti ń mu ún. Àwọn ìyá ìjọ ń wá kí ọmọ tuntun, ojú sì ń ti í kí wọ́n má ka ìkìlọ̀ tó wà lára ìgò omi náà. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha bébà ara rẹ̀ dànù, ìgò náà wá mọ́ roro. Nígbà tí Veronica bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní, "Oògùn ni. Oògùn tí wọ́n fi ń fi sìgá sílẹ̀." Irọ́ kọ́, òótọ́ náà kọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní oògùn Bàbá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Vero, kí ló ń rùn báyìí?"

"Irú ni. Kí ló tún fẹ́ rùn? Ọbẹ̀ tí mo ti ń sè láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi nìyí."

Àgbàlagbà dúró síbẹ̀, ó ń fa irú símú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Veronica fojú sọ́bẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Inú rẹ̀ dùn, kò kàn fẹ́ sọ ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Veronica gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ láti ọrùn dé apá, ó tún gbóòórùn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ lọ fọwọ́," ó wí. Ambrose fọwọ́, ó jókòó, wọ́n sì gbé Tiwalọlá lé e lápá. Ó fúyẹ́ ju bó ti rò lọ. Ó wo ihò imú ọmọ náà bó ti ń mí.

Moyin wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Veronica ti wà nídìí ọbẹ̀ rẹ̀, ó ké sí i láti ibẹ̀, "Bàbá Moyin, àkókò oògùn ọmọ ti tó! Ó wà nínú abọ́ oògùn lórí tábìlì. Ẹ kán méjì péré sí i lẹ́nu."

Inú Ambrose dùn, ó di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ọmọ. Kò wọ awò ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sínú abọ́, ó mú ìgò kékeré tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ṣí i, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Tiwalọlá la ẹnu. Ẹ̀kán kan ti ń wú bọ̀ lẹ́nu ìgò náà nígbà tí òórùn kan gba imú Ambrose. Òórùn máńgòrò ni.

Oògùn ọmọ kì í rùn máńgòrò. Ti fépù ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀kán náà bọ́ sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti gbé ìgò náà sí tẹ́lẹ̀. Veronica tí kì í fẹ́ kí nǹkan wà káàkiri ti gbọ́ pé oògùn ni, ó sì ti kó o mọ́ oògùn yòókù. Òjò ló pa ẹyẹlé tó kó o pọ̀ mádìẹ. Ta ló wá rọ òjò náà bí kò ṣe Ambrose?

Kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè ki ìgò náà bọ àpò, kó mú èyí tó tọ́, kó kán méjì, kí ọmọ sì wà lápá rẹ̀ títí di alẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá wọn ò tiẹ̀ ní gbé e fún un mọ́ láé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí bàbá kan ní Òkèlúsè tí ọmọ rẹ̀ mu oògùn ewé nínú ìgò mìnírà, tí ọmọ náà kò yè é. Òun Ambrose ló jágbe mọ́ ọn pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè é ní oògùn?" Bàbá náà kàn ń wo ilẹ̀, ó ní, "Sà, bí gbogbo wa ti ń pè é nìyẹn."

"Vero!" ó kígbe. "Vero, wá gba ọmọ yìí!"

Veronica sáré wọlé tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ambrose sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́: ìgò, bébà tó ha, orúkọ tó fún un. "Díẹ̀ ló kù kí n kán an sí i lẹ́nu. Májèlé ni fún ọmọdé. Èmi ni mo pè é ní oògùn."

Veronica ò bú u. Ó gba ọmọ, ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Láti pálọ̀ ni Ambrose ti ń gbọ́ ẹkún Moyin.

Ó kó ẹ̀rọ náà àti ìgò rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Salahudeen, tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú.

"Gba èyí. Lẹ bébà mọ́ ọn lára, kí o kọ MÁJÈLÉ sí i gàdàgbà gàdàgbà. Kó máa wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá ń yọ mí lẹ́nu, màá rìn wá mu ún níbí. Kò ní wọlé mi mọ́."

"Bàbá, ọ̀nà yìí mà jìn sí ilé yín."

"Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn."

Nígbà tó padà délé, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ náà bá mi fi sìgá sílẹ̀, mo sì tún ń gbóòórùn. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe oògùn. Èmi ni mo fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, torí ojú ń tì mí." Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì láì pa á dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Veronica ò fi bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, Ambrose ti ọ̀dọ̀ Salahudeen rìn dé, òógùn bò ó. Ìwé náà wà níbi tó fi í sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bírò pupa fa máàkì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn, irú èyí tí tíṣà ń fún ọmọ tó gba ìṣirò. Veronica dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ lọ fọwọ́ yín," ó wí.

Ambrose fọ̀ ọ́. Ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ nígbà tí Moyin ké láti inú yàrá pé, "Dádì, ó ti tó báyìí, ọmọ ń dúró dè yín!"