Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wa?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún méje jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí àwọn tó ń rí wa kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ti ara mi. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó tẹrí ba fún mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Àbúrò wọn, báwo ni? O mà jọ wọ́n o!"

Orí mi gbóná. Èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì! Èmi tí wọ́n bí gbẹ̀yìn! Bí nọ́ọ̀sì náà ṣe jáde báyìí, mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi lónìí. Kí lẹ̀ ń lò?"

"Omi."

"Omi kẹ̀? Inú omi kọ́ ni mo wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Ṣé o máa ń mu ún?"

Mo tún gbé áyọ́ọ̀nù mi.

"Ọṣẹ wo lo fi bọ́jú láàárọ̀?"

Mo wo ọṣẹ ìfọṣọ tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò ó. Mo ní, "Ó máa ń yọ ìdọ̀tí dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. "Ojú rẹ kì í ṣe ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì o!"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Oòrùn tí mo máa ń dúró sí láti sá aṣọ láìdé fìlà, òun ló ń ba ojú mi jẹ́. Kí n wá ọṣẹ tí kò le, kí n sì pa ìpara nígbà tí ojú bá ṣì tutù. Kí n dín ṣúgà inú tíì kù, kí n máa tètè sùn. Síga tí mo máa ń yọ́ fà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí mo rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n dárúkọ òun náà. Ojú tì mí.

Àmọ́ mo pinnu. Mo fẹ́ kí àlejò kan, ẹyọ kan péré, wo àwa méjèèjì kó sì pe èmi ní àbúrò.

Mo ra fìlà kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé mo ń fi gbá aṣọ oníbàárà bọ́ lórí okùn. Mo ń mu omi débi pé aládùúgbò tí mo ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ bi mí pé ṣé kò sí o. Ti síga ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn. Ọkọ mi ní kí n dákun lọ fà á, kí ilé lè tòrò. Mo ní láéláé.

Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kó ṣẹ́ẹ̀tì wá. Mo wà nídìí bàsíà.

"Ìwọ," ó ní, "lọ bá mi pe ọ̀gá rẹ wá."

Mo wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Inú mi dùn, ó dùn gan-an ni. Lẹ́yìn náà ni etí mi wá gbọ́ "ìwọ" yẹn dáadáa.

"Ta lò ń pè ní ìwọ? Èmi tí àkọ́bí mi ga jù ọ́ lọ? Èmi ni ọ̀gá níbí!"

"Ẹ má bínú, mà. Ojú yín ni ò jọ ti àgbà."

Mo gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń bú u lọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá lọ́jọ́bọ̀, mo ròyìn rẹ̀ fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"'Ìwọ' yẹn dùn ọ́, àbí?"

"Ó dùn mí o!"

"Ojoojúmọ́ nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti di ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Àwọn òbí á wọ ọ́fíìsì mi, wọ́n á ní, 'Ìwọ, ọ̀gá rẹ ńkọ́?' Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn tẹrí ba fún ẹ, tó wá ń bi mí pé báwo ni, mo rẹ́rìn-ín níbí. Nígbà tí mo délé, mo sunkún."

Àánú wọn ṣe mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jowú wọn, àwọn náà ń jowú mi.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí màá sọ ni ọmọ báńkì wọlé. Ó ti gbọ́n sí i. Ó tẹrí ba fún mi, "Ẹ káàsán, mà." Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Àbúrò, sún fún mi díẹ̀."

"Àbúrò ta ni?" Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Ọdún méje ni wọ́n fi jù mí! Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ni wọ́n! Kí wọn dáadáa!"

Jìnnìjìnnì bá a. Ó tẹrí ba títí táì ọrùn rẹ̀ fi wọ omi ọṣẹ inú bàsíà. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ forí jì mí, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni àgbà, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó gbagidi. "Kò burú, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo padà sídìí bàsíà. Ẹ̀gbọ́n mi wá fọwọ́ kàn mí.

"Ṣé ó ti rìn jìnnà?"

"Ó ṣì ń fún táì rẹ̀ níta. Kí ló dé?"

"Pè é padà. Kó tún kí mi."