Òwú Tó Há sí Alága Lọ́fun

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ aránṣọ, omijé ò tíì já bọ́ lójú obìnrin náà. Àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ le. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ara rẹ̀ ló kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Ó ń jẹun, ó ń ránṣọ, ó ń dá èèyàn lóhùn. Kò sáà dá a lójú pé òun ló ń ṣe é.

Adìyẹ ni ọkọ rẹ̀ ń sìn lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ náà wà lábẹ́ páànù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan kú, òmíràn tẹ̀lé e. Ó fún wọn ní oògùn aràn, ó po oògùn ọ̀fìnkìn sómi, ó da eérú sílé wọn nítorí iná ara. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ létòlétò, bí ẹni ń gán bọ́tìnnì. Wọ́n kú náà ni. Alága nìkan ló kù, àgbébọ̀ agbéraga kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun ṣáájú òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alága dúró ti ògiri, ìjà ti tán lára rẹ̀. Kò jẹ, kò mu. Àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀ wú, ó le gbagidi. Aránṣọ kán òróró sí i lẹ́nu, ó rọra ń fọwọ́ wọ́ ọ. Kò rọ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó wá kí i, wo adìyẹ náà títí. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká pa á kó tó kú dànù. Lónìí, a ṣì lè sè é."

"Ó dáa." Bó ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nìyẹn: wọ́n ní kó jẹun, ó dáa; wọ́n ní kó lọ sùn, ó dáa.

Àmọ́ nígbà tí ọkùnrin náà nawọ́, aránṣọ gbá adìyẹ mọ́ àyà. "Rárá o, ọkọ mi. Òun nìkan ló kù nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fọwọ́ ara wọn sìn. Tó bá lọ, kí ló tún kù?" Ó yà á lẹ́nu pé òun ló sọ̀rọ̀ yẹn.

Ni wọ́n bá gbé Alága lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà náà, obìnrin kan, tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Nǹkan tín-ín-rín kan wé mọ́ ìdí ahọ́n. Aránṣọ nawọ́ sí i.

"Ẹ má fà á o, Màmá!" ni dókítà wí. " Ó lè ya á nínú."

Ó fún Alága lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, ó la àpò oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde. Òwú ni. Búlúù, ti aṣọ ilé ìwé tó ń rán lọ́wọ́. Funfun, ti aṣọ ibùsùn. Nísàlẹ̀ pátápátá, dúdú, ti aṣọ ìsìnkú tó rán fún gbogbo ẹbí.

Aránṣọ ń wá pupa. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin pupa ló ń rán, òwú rẹ̀ sì kún ilẹ̀ bẹẹrẹ. Kò sí ẹyọ kan nínú adìyẹ.

Ìgbà náà ló yé e. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ rẹ̀ tó tú adìyẹ sílẹ̀, á kọ́kọ́ gbálẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ, á sì máa fọwọ́ ṣa èyí tí ìgbálẹ̀ bá fi sílẹ̀. Aránṣọ á ní, "Ṣé o fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Òun á ní, "Ọmọ iṣẹ́ ẹ ni mí, ọ̀gá." Ó rò pé àwàdà lásán ni. Látìgbà ìsìnkú, òun ò gbá abẹ́ ẹ̀rọ rí; àṣé òun aránṣọ fúnra òun ló fi òwú pa àwọn tó kú.

Dókítà rán ojú ọgbẹ́ Alága pa. Nígbà tí wọ́n délé, aránṣọ tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n fún un, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, nínú ihò sìmẹ́ńtì, ó rí òwú pupa kan ṣoṣo.

"Ọmọ iṣẹ́," ló wí, "o gbàgbé ọ̀kan."

Bí ẹkún ṣe gbọ̀n ọ́n nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ké kíkankíkan.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ sáré jáde. "Ṣé ó ti kú ni?"

Alága ń fi ojú kan wò wọ́n látinú agbọ̀n.

"Ó ti kú," ni aránṣọ wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ti kú."