Ìyókù Tí Òṣùwọ̀n Kò Rí

Thora tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdáhùn kan náà ló tún jáde.

Lójú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu àtíbàbà, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò ó, Solveig ló ṣe ipò kìíní, Bàbá Helgi ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Thora bi àká dátà, ibi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ẹja sí, léèrè fúnra rẹ̀, ohun tó sọ ni pé àwọn méjèèjì dọ́gba: kílò 3.3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá Helgi mú ẹja ńlá kan wá. Solveig mú méjì, 1.1 àti 2.2. Òfin ìdíje ẹja pípa abúlé wọn ní Manitoba, ní Kánádà, kò sì lọ́jú pọ̀: bí ìwọ̀n bá dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí òṣùwọ̀n ló ni ife-ẹ̀yẹ. Bàbá Helgi ti wọn tirẹ̀ kí Solveig tó fa ẹja kankan jáde láti inú ihò yìnyín orí adágún.

Valdi ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń to orúkọ yẹn. Valdi náà ló bí Solveig.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí ni Thora tún ń wá? Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, nítorí láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré ni òun àti Valdi ti jọ ń ṣètò ìdíje yìí.

Bàbá Helgi yọjú wọ inú àtíbàbà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. "Thora, ẹ kéde ẹni tó gbà á, jọ̀ọ́. Irùngbọ̀n mi ti di yìnyín."

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Mo ń yẹ nǹkan wò ni."

"Kí lo tún ń yẹ̀ wò? Ẹja tó ti kú, ṣé ó tún máa sanra ni?"

Bó ṣe jáde ni Valdi wọlé pẹ̀lú kọfí. "Àwọn èèyàn ti ń pariwo. Kí ló dá ọ dúró?"

"Ìwọ ni. Ṣí ètò rẹ kí n wò ó."

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Ibi tí o ti bu kún ẹja ọmọ rẹ."

Valdi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó gbé kọfí sílẹ̀, ó sì ṣí ètò náà. Kò gùn. Ó ń kó ìwọ̀n ẹja láti inú àká dátà, ó ń rò ó pọ̀, ó ń tò ó. Thora wá orúkọ Solveig títí, kò rí i. Ìfura rẹ̀ kò kú. Ta ní ń sin ohun tó jí sójú ọ̀nà?

"Ní kó kọ àròpọ̀ náà jáde tán. Má jẹ́ kó gé e."

Ti Bàbá Helgi jáde: 3.3. Ti Solveig tẹ̀ lé e: 3.3000000000000003.

"Ibo ni mẹ́ta ìdí yẹn ti wá?"

"Kí yìnyín gbé mi mì tí mo bá mọ̀."

Thora ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́: 1.1 àti 2.2, láìsí orúkọ, láìsí ẹja. Ìrù kan náà hù.

Ó jókòó. Bí èèyàn bá pín ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwé, mẹ́ta á máa tẹ̀ lé mẹ́ta láìlópin, àfi kó gé e níbì kan. Èjì-èjì ni ètò Valdi ń kà. Nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá gan-an kì í tán fún un. Ó ń gé e, ibi tó ti gé e sì ń kóra jọ nínú àròpọ̀. Àká dátà ní tirẹ̀ ń ka ẹ̀wá-ẹ̀wá bí ọmọ èèyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Thora ṣe tò ó nígbà tó ń kọ́ ọ. Ẹja kan ṣoṣo ni Bàbá Helgi ní. Kò sí ohun tí ètò náà máa rò mọ́ ọn.

"Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni," ni Thora sọ.

Valdi fi ìlà kan kún ètò náà: kó dá àròpọ̀ dúró níbi tí ojú òṣùwọ̀n mọ, kó tó fi wéra. Orúkọ méjèèjì pààrọ̀ ipò.

"Bàbá Helgi ló gbà á," ó ní. Ó mú fìlà rẹ̀. "Thora, ká ní orúkọ Bàbá ló kọ́kọ́ wà lókè, ṣé o máa bi àká dátà léèrè?"

Thora nawọ́ sí kọfí tó gbé wá. Ó ti tutù.

Níta, wọ́n pe orúkọ Bàbá Helgi, ariwo sọ. Solveig dì mọ́ Bàbá Helgi, Valdi sì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ, níbi tó dúró sí nínú afẹ́fẹ́ líle. Thora wà nídìí sítóòfù tí wọ́n fi ń yáná níbẹ̀. Ó sún, ó ṣí àyè sílẹ̀ fún Valdi.

Valdi rí i. Kò wá.